Ìlà Tó Dábùú Orúkọ

Ẹ má bi mí bóyá mo ṣì ń ṣe alárinà. Mi ò ṣe mọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń gbé fọ́tò ọmọbìnrin lọ fún ìyá ọmọkùnrin, tí mo ń gbé ti ọmọkùnrin lọ fún bàbá ọmọbìnrin, tí mo ń kúnlẹ̀ ní pálọ̀ onípálọ̀, tí mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orúnkún ò dùn. Tọkọtaya mọ́kàndínlógún ló ti ọwọ́ mi jáde. Méjìdínlógún nínú wọn, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìwé wọn mọ́ tónítóní. Èyí tó kẹ́yìn ló pa mí láyò, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ.

Natori Fumie ni orúkọ mi. Màmá Natori ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, torí pé mo ti dàgbà, kì í ṣe torí pé mo bímọ. Ṣọ́ọ̀bù òwú àti bọ́tìnnì ni ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi, nílùú wa kékeré tó wà létí òkun láàárín Onomichi àti Fukuyama ní Japan. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí ọ̀rọ̀ yìí fi bá mi.

Ọkùnrin tí mo ń wí yìí, Isogai Kunihiro ni. Ahunní ni, ó ń hun ẹní tó nípọn tí à ń tẹ́ kún yàrá. Bàbá rẹ̀ ṣe é, bàbá bàbá rẹ̀ ṣe é. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, apá rẹ̀ le bí igi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń dà bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Òun àti Ritsuko ìyàwó rẹ̀ ti kọra wọn sílẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Wọn ò jà, wọn ò bú ara wọn. Ó kàn tán ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Kozue, ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Fukuyama, bàbá rẹ̀ sì ń rí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù: Sọ́ńdè kejì, aago méjìlá ọ̀sán, ní ṣọ́ọ̀bù nudulu ẹ̀gbẹ́ téṣàn.

Ọjọ́ tó gbé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí káńsù, Tokuhara Minae ló wà lójú fèrèsé ìwé ìdílé. Inú ìwé ìdílé yẹn ni gbogbo wa wà: ọkọ, ìyàwó, ọmọ. Ẹni tó bá jáde kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn lé orúkọ rẹ̀. Orúkọ náà ò ní kúrò. Á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlà lórí, gbogbo ẹni tó bá sì gba ẹ̀dà ìwé náà á rí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń pe ẹni tó ti kọ ìyàwó ní “ìfàlà kan”. Wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n á ní, “Hẹ̀n-ẹ́n, ìfàlà kan mà ni!”

Minae gba ìwé náà, ó wo òǹtẹ̀ ọkọ, ó wo òǹtẹ̀ ìyàwó, ó lu òǹtẹ̀ tiẹ̀ náà.

“Ṣé ó ti parí nìyẹn?” ni Kunihiro bi í.

“Ó ti parí, sà.”

“Omi tíì tí mo gbé kaná kí n tó kúrò nílé, kò dájú pé ó ti hó.”

Minae ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn. “Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń jókòó síbẹ̀, Màmá,” ni Minae sọ fún mi lẹ́yìn ọdún díẹ̀. “Wọ́n á ṣe bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́.” Ó bu tíì fún un. Lọ́jọ́ kejì ló fi rúlà fa ìlà lé orúkọ Ritsuko. Ó ní òun ń fa irú ìlà yẹn tó ogójì lọ́dún, kò sì dun òun rí, ṣùgbọ́n tọjọ́ yẹn, òun ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ omi tíì, òun sì ń nu ojú.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Káńsù ní kí Kunihiro wá pààrọ̀ ẹní yàrá ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́. Ó ń gbé ẹní wọlé ni ó pàdé Minae lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ̀yin lẹ bu tíì fún mi,” ló wí.

“Ẹ̀yin lẹ gbé tiyín kaná tẹ́ ẹ lọ kọ ìyàwó.”

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rín yẹn ya òun fúnra òun lẹ́nu. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì, ọjọ́ márùn-ún ló fi ṣe é, ẹ sì mọ̀ pé owó ọjọ́ méjì ni káńsù ń san.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí òdòdó, kò sí lẹ́tà ìfẹ́. Wọ́n á jókòó lórí ògiri etí òkun lọ́sàn-án, Minae á ṣí abọ́ oúnjẹ rẹ̀, á pín ẹyin dídín fún un. Ọkùnrin á jẹun, obìnrin á sọ̀rọ̀. Ọdún kan gbáko lọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ò kan ọwọ́. Minae á délé, á dùbúlẹ̀, á máa bi ara rẹ̀ pé, ṣé èmi nìkan ni mò ń lá àlá yìí? Nígbà tó sú u, ó gbé abọ́ sílẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni Isogai, ọdún kan rèé tẹ́ ẹ ti ń jẹ ẹyin mi. Ṣé tìtorí ẹyin nìkan ni?”

“Ẹyin náà dùn.”

“Mo mọ̀ pé ó dùn!”

Ọkùnrin náà wo omi títí. “Ẹ̀rù ló ń bà mí,” ló wí.

“Ẹ̀rù kí ni?”

“Kí n má lọ tún sú ẹlòmíràn.”

“Tẹ́ ẹ bá sú mi, màá sọ fún yín,” ni Minae dá a lóhùn. “Káńsù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo mọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò.”

Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni Kunihiro wá bá mi, ìgbà tí ọba àgbà ń ṣàìsàn ní Tokyo, tí wọ́n fagi lé ọdún ìkórè, tí gbogbo ènìyàn ń rọra sọ̀rọ̀. Ó gbé àpò ọsàn kan sórí tábìlì mi, ó ro tẹnu rẹ̀.

“Bójú bá mọ ojú, alárinà á yẹ̀bá,” ni mo wí. “Kí lẹ tún ń wá lọ́dọ̀ èmi?”

“Màmá, ojú mọ ojú lóòótọ́. Ojú bàbá rẹ̀ ni kò tíì mọ tèmi.”

Ọ̀rọ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti kó sí wàhálà.

Bàbá Minae, Ọ̀gá Tokuhara, ọ̀gá téṣàn rélùwéè ni kó tó fẹ̀yìntì. Ọ̀gá Téṣàn la ṣì ń pè é. Kì í pariwo. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, fèrè ló fi ń pariwo.

“Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́,” ló fi kí mi lẹ́nu ọ̀nà.

“Orúnkún ni, Ọ̀gá. Ẹ má bínú.”

Hatsue ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wá, ó sì jókòó sẹ́yìn. Mo gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ bí mo ṣe máa ń gbé e kalẹ̀: ìwà ọmọkùnrin, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí ó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

“Ahunní,” ni Ọ̀gá Téṣàn wí.

“Ahunní tó mọṣẹ́ ni.”

“Ìfàlà kan.”

“Ẹ̀yin náà mọ̀, Ọ̀gá. Ìlú wa ò tóbi.”

“Mo mọ̀. Etí mi ti gbọ́. Ti etí ò burú, ojú ni mi ò fẹ́ kó rí i.” Ó gbé ife sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Matsue ni olórí ẹbí wa. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wọnú ẹbí yìí tí kò gba ẹ̀dà ìwé rẹ̀ wò. Á ṣí i, á rí obìnrin tí wọ́n fa ìlà lé. Á tún rí ọmọdébìnrin lábẹ́ rẹ̀. Á ní, ‘Ọmọ ta nìyí? Ṣé Minae wa ni yóò máa wẹ̀ fún un?’ Kí n fún un lésì pé kí ni?”

“Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọmọ wà, Ọ̀gá.”

“Inú ìwé ta ni orúkọ rẹ̀ wà?”

Òótọ́ ló sọ. Níbi tiwa, ìyá lè máa tọ́ ọmọ, kí orúkọ ọmọ ṣì wà nínú ìwé bàbá, kó sì máa jẹ́ orúkọ ìdílé bàbá, àfi bí ìyá bá lọ sí kóòtù kó ní òun fẹ́ gbé e sínú ìwé tòun. Ritsuko ò tíì lọ. Isogai ni Kozue ń jẹ́ síbẹ̀.

“Ẹ gbé ìwé tó mọ́ wá,” ni Ọ̀gá Téṣàn wí. “Mi ò ní béèrè bó ṣe mọ́.”

Hatsue sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Bí mo ṣe ń wọ bàtà, ó di apá mi mú. “Màmá Natori, Minae ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì,” ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i.”

Ẹ rántí pé mo ní ìwé àwọn èèyàn mi mọ́. Mi ò sọ fún yín bó ṣe mọ́. Ọgbọ́n kan wà tí gbogbo alárinà mọ̀. Bí ènìyàn bá gbé ìwé ìdílé rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n á kọ tuntun fún un níbẹ̀, àwọn tó ṣì wà nínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n á sì kọ. Ẹni tí wọ́n ti fa ìlà lé á ṣẹ́kù sílùú àtijọ́. Kunihiro lè gbé tiẹ̀ lọ sábúlé ìyá rẹ̀ tó ti kú, Ritsuko á sì dàwátì níbẹ̀, bí ẹni tí kò wá sáyé rí. Kozue nìkan ló kù. Òun ṣì wà nínú ìwé, á bá bàbá rẹ̀ lọ síbikíbi, àfi bí ìyá rẹ̀ bá kọ́kọ́ mú un jáde.

Mi ò sọ fún Kunihiro. Àṣìṣe mi nìyẹn. Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ gbọ́ tẹnu ìyá ọmọ ná.

Ritsuko ń dáná níléèwé kan ní Fukuyama. Bí mo ṣe bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, àlùbọ́sà ń rùn lára rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo bá wá.

“Ṣé òun ló rán yín?”

“Rárá o.”

“Mo mọ̀. Ọkùnrin yẹn ò lè rán ènìyàn ra iyọ̀.” Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. “Ó ti rẹ̀ mí, Màmá. Bí mo dé ọsibítù, ‘Kí ló dé tórúkọ yín àti tọmọ yín fi yàtọ̀?’ Bí mo dé iléèwé, ìbéèrè kan náà. Màá ṣàlàyé. Tó bá tún dọ̀la, màá tún ṣàlàyé.”

“Kí ló wá dá yín dúró látọdún mẹ́rin?”

“Òun náà ni. Lọ́jọ́ tá a pín nǹkan, kò béèrè ilé, kò béèrè ọmọ. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Ó ní, ‘Jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi.’”

Ó yẹ kí n dìde níbẹ̀, kí n wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé mi. Mi ò dìde. Ojú Hatsue lẹ́nu ọ̀nà ni mò ń rí. Mo ní, “Ó fẹ́ fẹ́yàwó. Ẹ ṣàánú rẹ̀.”

“Ta ló fẹ́ fẹ́?”

“Ọmọ Ọ̀gá Téṣàn, èyí tó wà ní káńsù.”

“Èyí tó gba ìwé wa?” Ritsuko rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, “Ó dáa. Màá lọ sí kóòtù. Ẹ lọ sọ fún wọn.”

Ìgbà tí mo yíjú ni mo rí ọmọ náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bàtà rẹ̀ kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Mo kí i. Kò dáhùn.

Nígbà tó di Sọ́ńdè kejì oṣù yẹn, Kozue ò fọwọ́ kan nudulu rẹ̀. Kunihiro fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi.

“Bàbá, ṣé wọ́n máa fa ìlà lé mi?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

“Màmá àgbà kan wá sílé.” Ọmọ náà ń ro oúnjẹ. “Tí wọ́n bá fa ìlà lé mi, Sọ́ńdè kejì ńkọ́? Ṣé a ṣì máa wá?”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á wá. Ó sọ fún mi pé òun tètè sọ ọ́ jù, ọmọ náà sì mọ̀.

Látibẹ̀ ló gba ṣọ́ọ̀bù mi wá. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo, àbí kí ló tọ́ sí mi? Kò pariwo. Ó jókòó sórí àpótí òwú.

“Màmá, ta ló rán yín níṣẹ́?”

“Orí mi ni.”

“Ẹ bá ti bi mí.”

“Mo ní kí n tó bi yín, kí n mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe.”

Ó mú ìdì òwú kan, ó ń yí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.” Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, Màmá. Ó rẹ̀ mí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń dá jẹun alẹ́, tí mò ń gbọ́ bí ẹnu mi ṣe ń dún. Orúkọ lásán ni. Ọmọ mi ṣì lọmọ mi. Bí mo bá tún nílé, bóyá á lè máa wá sùn.” Bó ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, kò wò mí. Ó yẹ kí inú mi dùn, torí ohun tí mo wá kiri ló bọ́ sí mi lọ́wọ́ yìí.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ẹnu mi lọ bá Minae lórí ògiri etí òkun. Mo ní ó ti bọ́ sí i, Ritsuko gbà, Kunihiro gbà, ìwé á mọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Matsue á dákẹ́. Mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣe oríire. Minae gbé igi ìjẹun rẹ̀ sílẹ̀.

“Màmá, ìwé tí kóòtù bá fún Ritsuko, ibo ló máa gbé e lọ?”

“Káńsù.”

“Fèrèsé wo?”

Fèrèsé tirẹ̀ ni; mi ò rò ó débẹ̀.

“Mo ti fa ìlà lé ẹni tó ju igba lọ,” ló wí. “Òkú, ẹni tó kọ ọkọ, ẹni tó relé ọkọ. Iṣẹ́ mi ni. Bí wọ́n bá gbé ti Kozue wá, tí gbogbo òǹtẹ̀ pé, màá fà á, torí òfin ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn náà ni màá sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó má wá mọ́.”

“Minae! Lọ́jọ́ orí rẹ yìí?”

“Mo mọ ọjọ́ orí mi, Màmá. Ọjọ́ ìbí gbogbo ìlú ló wà lọ́wọ́ mi.” Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. “Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ débi tó ń rẹ̀ mí. Tí mo bá gbọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níta, màá ṣi òǹtẹ̀ lù sórí ìwé oníwèé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá lè ní kí n yọ ọmọ òun kó lè ráyè fi mí sí i, tó bá dọ̀la, èmi ni wọ́n máa yọ. Ẹ bá mi sọ fún un bẹ́ẹ̀.”

Mo bá a sọ fún un. Ó jókòó lórí ẹní tó ń rán lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n fi ń rán ẹní ṣì wà nínú rẹ̀. Àgbà ọkùnrin sunkún níwájú mi.

“Mo ti ń retí kẹ́nì kan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi,” ló wí. “Èmi ni mi ò lè sọ ọ́ fún ara mi.”

Ó lọ sídìí tẹlifóònù, ó pe Ritsuko, ó ní kó jọ̀ọ́, kó má lọ sí kóòtù mọ́. Mo gbọ́ ohùn Ritsuko láti ibi tí mo dúró sí. “Lọ síbo? Orí fìríìjì ni fọ́ọ̀mù náà ṣì wà látọjọ́ yẹn. Ó ń rẹ̀ mí láti lọ.”

Ìyẹn ti parí ti ọmọ. Ti bàbá Minae ló kù.

Ọba àgbà wàjà ní oṣù kìíní. Orúkọ ìgbà, èyí tí a fi ń ka ọdún ọba kọ̀ọ̀kan, yí padà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ni wọ́n ti tẹ̀ sórí gbogbo fọ́ọ̀mù káńsù. Láti àárọ̀ dalẹ́, Minae ń fa ìlà lé Shōwa, ó ń fọwọ́ kọ Heisei sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní oṣù yẹn, gbogbo ìlú ló di ìfàlà kan. Ìparí oṣù náà ló ní kí n bá òun délé bàbá òun. Mo lọ. Ẹni tó da ọ̀ràn sílẹ̀ kì í ní òun ò ráyè.

Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀dà ìwé kan sílẹ̀. Ìwé ìdílé bàbá ìyá rẹ̀ ni, tó lọ gbà lábúlé wọn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n fa ìlà lé yìí?”

Ọ̀gá Téṣàn wọ awò ojú. “Ìyá rẹ ni.”

“Kí ló ṣe?”

“Kò ṣe nǹkan kan. Ó fẹ́ mi ni.”

“Ìlà kan náà ni, Bàbá. Rúlà kan náà ni à ń lò. Ẹni tó ń lọ sílé ọkọ àtẹni tó ń tilé ọkọ bọ̀, ìlà kan náà ni à ń fà lé wọn. Bó jẹ́ ọmọ ọba ni mo fẹ́, wọ́n á fa ìlà lé mi nínú ìwé tiyín. Ìwé tó mọ́ tẹ́ ẹ ń wá yẹn, ilé tẹ́nikẹ́ni ò ti jáde rí nìkan ló ní in.”

Hatsue gbá ìkòkò tíì mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá Téṣàn bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ọmọ ẹlòmíràn lo tìtorí rẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Tó o bá jáde nílé yìí lọ síbẹ̀, má padà.”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

Ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ẹní, ó dìde, ó jáde. Ìyá rẹ̀ ló ń sunkún, òun ò sunkún títí a fi dé ìsàlẹ̀ òkè tí ilé wọn wà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ Wẹ́sídeè kan nínú oṣù kejì ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní káńsù. Kò sí ayẹyẹ, kò sí aṣọ funfun. Ẹlẹ́rìí méjì ni ìwé ìgbéyàwó ń fẹ́, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ wọn sí i. Mo ti gbé tèmi wá. Mo bi Kunihiro pé ẹnì kejì dà, ó ní ó ń bọ̀. Ìgbà tí ilẹ̀kùn káńsù ṣí, Ritsuko ló wọlé tòun ti bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó fa Kozue lọ́wọ́.

“Ta ló pe ìyẹn?” Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

“Ẹ̀yin náà, ta ló pè yín wá sílé mi?” ni Ritsuko fi dá mi lóhùn. Ó tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ yíǹkì pupa, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó wo Minae. “Ó máa ń gbàgbé láti jẹun tíṣẹ́ bá pọ̀. Tí inú bá bí i, kì í sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta. Èmi ò lè fara dà á. Bóyá ẹ̀yin á lè fara dà á.”

“Ẹ ṣé, mà,” ni Minae wí, ó tẹrí ba gidigidi.

Kozue ń wò ó látòkè délẹ̀. “Kí ni n ó máa pè yín?”

“Minae.”

“Minae lásán?”

“Lásán ná. Tó bá yá, o lè wá èyí tó dáa ju ìyẹn lọ.”

Ẹlẹgbẹ́ Minae kan ló kọ ọ́ sínú ìwé Isogai. Mo wò ó látòkè èjìká rẹ̀: Kunihiro; Ritsuko pẹ̀lú ìlà lórí; Kozue; lẹ́yìn náà, Minae. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti bá ènìyàn ṣe, òun ló dọ̀tí jù.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé oyin ni ìgbéyàwó náà láti ọjọ́ yẹn. Kunihiro dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí Ritsuko ṣe wí, lọ́jọ́ kẹrin Minae gbé fọ́ọ̀mù ìkọ̀sílẹ̀ tí wọn ò kọ nǹkan sí wá sórí tábìlì oúnjẹ, ó ní, “Ṣé ká kọ ọ́ ni, àbí o fẹ́ sọ̀rọ̀?” Ó sọ̀rọ̀. Kozue bẹ̀rẹ̀ sí í wá sùn ní Sátidé. Ṣùgbọ́n Minae kò gba òpópónà ilé bàbá rẹ̀ kọjá mọ́. Ìyá rẹ̀ máa ń pàdé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja, wọ́n á dúró bí àjèjì méjì tó ń yan ẹja kan náà. Ó rù. Kunihiro rí i pé ó rù, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé ṣé òun ló tún kó ìbànújẹ́ bá ẹlòmíràn yìí. Oṣù mẹ́rìnlá ló lọ bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Téṣàn wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kò rí òwú rà rí. Mo fa àga fún un. Ó jókòó, ó mí, ó fa ìwé kan yọ látinú àpò inú kóòtù rẹ̀.

“Wọ́n ní kí n gba ẹ̀dà ìwé ìdílé mi fún owó ìfẹ̀yìntì,” ló wí. “Ẹ wò ó.”

Orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Tiẹ̀, ti Hatsue, àti ti Minae, ìlà méjì dábùú ara wọn lórí rẹ̀.

“Ó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Mo rò pé mo ti gbọ́.” Ó fi ìka lé orúkọ náà, ó sì tètè gbé e kúrò. “Bàbá Hatsue náà rí irú rẹ̀ nígbà tí mo gbé ọmọ rẹ̀. Ogójì ọdún, mi ò bi í rí bó ṣe rí lára rẹ̀. Ó ti kú báyìí.”

“Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́, ti Matsue?”

“Ó ń bínú. Kó máa bínú.”

Mo bu tíì fún un. Kò mu ún. Mo ń dúró kó bi mí nípa Minae, bóyá ara rẹ̀ le, bóyá ó ń sọ̀rọ̀ òun. Ohun tí mo máa fi dáhùn ti wà lẹ́nu mi.

“Ọmọ yẹn,” ló wí.

“Minae?”

“Rárá. Ọmọ yẹn. Èyí tí mo ní kẹ́ ẹ yọ.” Ó fa bírò yọ. “Kí ni wọ́n ń pè é?”

Mo wá rántí pé ní gbogbo ìgbà tí a fi ń ti orúkọ ọmọ náà síwá sẹ́yìn, kò béèrè rí, èmi alárinà ò sì sọ fún un rí.

“Kozue ni,” ni mo wí.

“Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?”

Ó yí ìwé ìdílé rẹ̀ dà sẹ́yìn, ibi tó funfun, ó na bírò sí mi. Mo kọ ọ́ fún un, gàdàgbà, kí ojú àgbà lè rí i.